Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra táńkì ẹja ńlá: ẹ wo etí gíláàsì àti abẹ́ ọ̀dà ẹsẹ̀ irin kí ẹ tó san owó tó kù

Mo kọ ìkìlọ̀ yìí sí gbogbo ẹni tó ń gbèrò láti gbé táńkì ẹja ńlá sínú pálọ̀ rẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó àti agbègbè rẹ̀, nítorí pé àwọn oníṣòwò kan ń lu àwọn oníbàárà ní jìbìtì tí ojú kì í tètè rí. Ẹja tó rẹwà àti iná aláràbarà ni wọ́n fi ń fa ojú ènìyàn mọ́ra, ṣùgbọ́n etí gíláàsì àti ẹsẹ̀ irin tó gbé táńkì dúró ni wọ́n ti ń jí owó, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ bí ẹrù náà ṣe wúwo tó. Lítà omi kan wọn kílò kan. Táńkì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2, tó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 2, ń gba omi tó tó 680 lítà. Gíláàsì rẹ̀ nìkan, tó bá nípọn ní mìlímítà 12, lé ní 120 kílò. Bí a bá fi iyanrìn, òkúta àti ẹsẹ̀ irin kún un, gbogbo rẹ̀ ń lọ sí tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn bí ìgbà tí a bá to 20 àpò sìmẹ́ǹtì sí ojú kan ṣoṣo, tí a kò sì ní kó o kúrò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Irú táńkì yìí ni ẹ̀gbọ́n mi sanwó fún. Oníṣòwò náà gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó sílẹ̀, ó fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé gíláàsì mìlímítà 12 ni òun fi ṣe é. Nígbà tí táńkì dé, a rí i pé ó ti fi rọ́bà dúdú bo gbogbo etí gíláàsì yíká. A ní kí ó ṣí igun kan kí á wò ó, ó ní bí a bá fọwọ́ kàn án, òun kò ní dáhùn fún ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀bẹ yọ rọ́bà náà fúnra wọn, a gbé rúlà sí etí gíláàsì: mìlímítà 8 ni. Mo wá fi kọ́kọ́rọ́ ha ẹsẹ̀ irin náà níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Ọ̀dà dúdú ṣí, pọ́tì tí àwọn apánẹ́lì fi ń dí ara mọ́tò ló wà lábẹ́ rẹ̀, irin tí pọ́tì náà sì bò mọ́lẹ̀ ti dógùn-ún débi pé orí kọ́kọ́rọ́ wọnú rẹ̀. Irin àlòkù ni, wọ́n sì kàn fi iná tọ́ igun rẹ̀ lójú méjì mẹ́ta, wọn kò jó o yí ká.

Bí ẹ bá bi àwọn oníṣòwò wọ̀nyí léèrè, wọ́n á ní àwọn ti ń ta táńkì oní gíláàsì mìlímítà 6 tipẹ́, kò sì fọ́ rí. Táńkì kékeré ni wọ́n ń wí. Bí omi bá ṣe ga sí ni ó ṣe ń ti gíláàsì sí, ìsàlẹ̀ ni ó sì ti ń tì í jù. Gíláàsì tó bá tún gùn máa ń wú síta láàárín, ìdí nìyẹn tí a fi ń lẹ gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ etí rẹ̀ lókè, tí a sì ń fi òmíràn dábùú rẹ̀ láàárín. Èyí tí wọ́n gbé wá fún wa kò ní ìdábùú kankan. Irú táńkì bẹ́ẹ̀ lè gba omi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kí ó sì là lóru ọjọ́ kan nígbà tí oníṣòwò ti pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Omi tó tó 680 lítà tó ya sílẹ̀ nínú pálọ̀ tí wáyà iná wà nílẹ̀ lè pa ènìyàn, ọmọdé sì ni ó sábà máa ń wà nídìí táńkì ẹja.

Ẹ ṣọ́ra fún táńkì àlòkù tí wọ́n tún lẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú. Sílíkóònù, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ gíláàsì pọ̀, kì í di sílíkóònù àtijọ́ mú dáadáa bó bá jẹ́ tuntun, gbogbo ti àtijọ́ ni ó yẹ kí wọ́n ha kúrò. Sílíkóònù ilé ìwẹ̀ tí wọ́n fi òògùn tí kì í jẹ́ kí ó bu sí sì lè pa ẹja.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ oníṣòwò gbọ́ nígbà tó bá ní kò séwu. Nǹkan bíi 150 sí 200 kílò lórí mítà kan níbùú lóròó ni àwọn ẹnjiníà sábà máa ń ṣírò fún ilẹ̀ ilé gbígbé, táńkì yìí yóò sì gbé nǹkan bíi 900 kílò lé irú mítà kan bẹ́ẹ̀. Ẹnjiníà ilé nìkan ni ó lè sọ ibi tí ilẹ̀ yín ti lè gbà á.

Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ fi rúlà wọn etí gíláàsì kí wọ́n tó bò ó, ẹ sì wo irin kí wọ́n tó kùn ún. Lẹ́yìn tí sílíkóònù bá ti gbẹ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n gbé táńkì náà ka orí ẹsẹ̀ irin tirẹ̀ gan-an, kí wọ́n fi lẹ́bẹ́ẹ̀lì wò ó pé ó dọ́gba, kí wọ́n pọn omi kún un, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì ó kéré tán. Oníṣẹ́ gidi kò ní bínú sí èyí. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bákan náà, ẹni tó bá fẹ́ da ẹja olówó iyebíye sínú omi tuntun lọ́jọ́ tó gbé táńkì dé, ẹja kíkú ló fẹ́ tà fún yín, nítorí pé ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí omi tó lè gba ẹja púpọ̀.

Bí wọ́n bá ti gba owó yín, ẹ tọ́jú rìsíìtì, àwòrán àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ kọ ránṣẹ́ síra yín, kí ẹ sì kó o lọ sí FCCPC, àjọ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà. Bí táńkì bá sì ti wà nílé yín pẹ̀lú omi nínú, tí ẹ rí i pé gíláàsì iwájú ti ń wú síta tàbí pé ẹsẹ̀ irin ti ń tẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pa iná gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀, kí ẹ fi rọ́bà fa omi náà dé ìdajì lónìí. Bí omi bá dé ìdajì gíga rẹ̀, agbára tó fi ń ti gíláàsì yóò dín kù di ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ ó sì ráyè kó ẹja sínú dúrọ́ọ̀mù kí ẹ tó fa ìyókù.