Camry Tiny Light: ẹ́ńjìnì 2.2 mìíràn ni, àbí V6?

Ẹ́ńjìnì Camry 1998 yín ti ń jẹ ọ́ìlì, mẹkáníìkì sì ti ní kò gba àtúnṣe mọ́. Ṣé kí ẹ ra 2.2 tòkunbọ̀, oní-sílíńdà mẹ́rin, rọ́pò rẹ̀ ni, àbí kí ẹ kúkú gbé V6 3.0, oní-sílíńdà mẹ́fà, wọ̀ ọ́? Mo ti lo méjèèjì ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Agbára ẹṣin 133 ni ti 2.2, 194 ni ti V6, ẹ ti gbọ́ ìyẹn tì.

Ààyè kì í ṣe wàhálà. Toyota fúnra wọn ta Camry yẹn pẹ̀lú V6, ẹ ṣáà ra engine seat (rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé) àti radiétọ̀ tirẹ̀ mọ́ ọn. Kí ẹ sì yẹ bréèkì wò kí ẹ tó lọ tẹ̀ ẹ́ lọ́nà Ṣàgámù sí Benin.

Wáyà ni owó ń bá lọ. Wáyà àti brain box (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì) tó ti wà nínú ọkọ̀ náà ni 2.2 máa lò. V6 ní wáyà tirẹ̀, brain box tirẹ̀, jíà tirẹ̀. Èyí tí wọ́n tà fún mi l'Ékòó, wọ́n ti gé wáyà rẹ̀ kúrú. Ẹni tó tà á ní kò le, àwọ̀ mọ́ àwọ̀ ni réwáyà máa so ó. Àwọ̀ wo? Wáyà tí àwọ̀ wọn jọra pọ̀ nínú ìdì yẹn. Réwáyà so ó, ó fi tépù dúdú dì í gbagidi, ọkọ̀ sì ń lọ geere títí òjò fi dé. Bí mo bá ti há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹ́ńjìnì á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, iná O/D OFF, iná jíà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, á máa ṣẹ́jú, jíà ò ní yí mọ́. Nígbà tá a tú tépù, gbogbo ojú ìsopọ̀ ló ti dípẹtà, ó ti di àwọ̀ ewé.

Bó bá jẹ́ inú Lexus ES300 ti 1998 sókè ni wọ́n ti yọ V6 náà, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Brain box rẹ̀ kì í gba kọ́kọ́rọ́ tí kò mọ̀; láìsí kọ́kọ́rọ́ yẹn, á ṣáná, á sì kú lójú ẹsẹ̀.

Púlọ́ọ̀gì 2.2 wà lókè gbangba. Mẹ́ta nínú mẹ́fà ti V6 sá pamọ́ sẹ́yìn. Mẹkáníìkì mìíràn á pààrọ̀ mẹ́ta iwájú, á gbowó mẹ́fà.

Epo: láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́, ẹni tó ń fi V6 ná Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣàgámù lójoojúmọ́, àpò rẹ̀ á sọ fún un.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì yí nọ́ńbà ẹ́ńjìnì inú pátíkúlà padà.

Méjèèjì ló dáa. Bí ẹ bá rí V6 tí wáyà, brain box, jíà àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pé, tí wọ́n tàn án lójú yín, tí réwáyà yín ti ṣe irú ẹ̀ rí, tí ọkọ̀ náà ò sì ní ṣe ju òde ìnáwó àti Ojúde Ọba lọ, ẹ gbé e. Ó dùn ún wà gan-an. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ níbẹ̀, ẹ ra 2.2, kí ẹ fi owó tó kù tún AC ṣe.