Ẹ̀kọ́ ẹnjiníà tó gbé wa lọ sídìí ààrò gàrí: àgbéyẹ̀wò mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ẹnjiníárìn tẹ́ ẹ sì ń bi mí nípa ètò ọ̀sẹ̀ 6 tí mo ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà họ́lídè, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa bá a ṣe ń ṣe ẹ̀rọ tó máa wúlò fáwọn ará ìlú, ó dáa gan-an, owó mọ́tò nìkan lẹ máa san, tó bá tún dé màá ní kí àbúrò mi lọ.

SIWES, ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ kọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́, tí ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, ti ń ṣe láti 1973, èmi náà ṣe é, oṣù 6 gbáko, àmọ́ níbi tí wọ́n gbé mi sí, fáìlì ni mo ń gbé kiri, mi ò fọwọ́ kan sípánà. Níbí, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ la ti wà nídìí iṣẹ́.

Àwa 5 la wà ní gúrúùpù wa, ẹ̀rọ ìrin ègé la sì fẹ́ ṣe. A ti yà á sórí kọ̀ǹpútà tán, a ti ṣírò ẹ́ńjìnnì tó máa yí i, ni olùkọ́ wa bá ní ká lọ jókòó ti àwọn ìyá tó ń yan gàrí fún ọjọ́ 3, ká má mú bírò dání. Inú bí mi o. A débẹ̀, ẹ̀rọ ìrin ègé wà ní ilé kẹta sí wọn, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu! Èéfín ló ń pa wọ́n. Gàrí Ìjẹ̀bú gbọ́dọ̀ kan, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa, torí náà wọ́n máa ń pẹ́ nídìí iná gan-an. Màmá kan wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń jókòó ti agbada, ó ń fi àfọ́ igbá da gàrí síwá sẹ́yìn, kò ní pẹ́ á fi etí gèlè nu ojú, ojú yẹn ti pọ́n bí ata. Mo ní màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ó ti mọ́ wa lára."

Nínú ètò náà ni mo ti gbọ́ nípa Amy Smith, ẹnjiníà tó dá D-Lab sílẹ̀ ní yunifásítì MIT, l'Ámẹ́ríkà, ní 2002, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ṣe nǹkan tó máa yanjú ìṣòro àwọn tálákà. Asẹ́ irin inú ẹ̀rọ ìlọ-àgbàdo, tó bá ya ní abúlé, níbo lẹ ti máa rí òmíràn? Amy wá ṣe èyí tí kò lásẹ́ rárá, atẹ́gùn ló ń ya èyí tó kúnná sọ́tọ̀. Ìgbà yẹn ni ohun tí olùkọ́ wa ń sọ wá yé mi, pé ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu ká tó ṣe ẹ̀rọ.

A wá pa ẹ̀rọ ìrin ègé tì, a mọ ààrò tó ní ṣímínì, ìyẹn ihò gíga tí èéfín ń gbà jáde. Ti àkọ́kọ́, ṣímínì kúrú jù, èéfín padà sójú gbogbo wa. Màmá yìí ló dìde, ó ní, "Ẹ jẹ́ kẹ́nu ààrò gba ẹ̀yìn ògiri, kẹ́ni tó ń koná máa koná láti ìta." A ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Àwa márùn-ún tá a ti ka thermodynamics, ẹ̀kọ́ nípa ooru àti agbára, kò sẹ́ni tó ronú kàn án o.

Ibi tó kù sí ni ọ̀rọ̀ owó. Ọjọ́ 2 péré ni wọ́n fi kọ́ wa bí èèyàn ṣe ń ta nǹkan tó ṣe, báwo nìyẹn ṣe fẹ́ tó? Àwọn ìyá yẹn ló kọ́ wa, wọ́n ní àwọn ò lè san owó ààrò lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ tá a bá gbé e gba inú àjọ wọn, ẹni tó bá kó àjọ lóṣù yẹn la máa mọ tiẹ̀ fún. Bá a ṣe ń ṣe é títí di báyìí nìyẹn. Ètò náà ò sì ṣètò ẹni tó máa padà wá wo ààrò tí ètò bá ti parí, èmi ni mò ń lọ ní Sátidé, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe.

Ẹni tó bá ń lọ, kó wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, omi ègé ń yọ̀.