Bẹ́ńṣì onísólà àbí àtíbàbà onísólà: èwo ló yẹ Bridgetown?

Ní Bridgetown, olú ìlú Barbados, oòrùn pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ òkun oníyọ̀ ń jẹ irin. Ṣé bẹ́ńṣì tí pánẹ́ẹ̀lì wà lórí ìjókòó rẹ̀ ni ká gbé síta, àbí àtíbàbà ibùdókọ̀ tí pánẹ́ẹ̀lì wà lórí òrùlé?

Ní ti owó, bẹ́ńṣì ló rọjú. Àtíbàbà ń fẹ́ òpó, kọnkéré àti ilẹ̀ gbígbẹ́.

Ní ti iná, ẹni tó jókòó sórí bẹ́ńṣì láti ṣáájì fóònù ló tún ń bo pánẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀! Lọ́sàn-án gangan ńkọ́? Ta ló fẹ́ jókòó sórí ohun tó ń jóni nídìí? Pánẹ́ẹ̀lì orí òrùlé ń gba oòrùn láìsí ìdíwọ́, ó sì ń ṣíji bo èèyàn. Tó bá dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, òjò á máa fọ iyọ̀ àti eruku kúrò lára rẹ̀; ti bẹ́ńṣì tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹnìkan ní láti máa nù ún.

Àmọ́ tí ìjì bá dé, bíi Elsa lóṣù keje ọdún 2021 tó ṣí òrùlé ilé púpọ̀ níbẹ̀, òrùlé àtíbàbà ni atẹ́gùn máa kọ́kọ́ dì mú. Bẹ́ńṣì kò ga, ṣùgbọ́n bátìrì abẹ́ rẹ̀ ò jìnnà sí omi tó bá ya wọ̀lú.

Ibi tí èèyàn ti ń dúró de bọ́ọ̀sì lójoojúmọ́, àtíbàbà ni, kí wọ́n ṣáà dè é dáadáa. Ibi ìnajú tí wọ́n ń wá nírọ̀lẹ́, tó ga díẹ̀ sí òkun, bẹ́ńṣì á tó.