Òṣùwọ̀n fún ìròyìn tó ń dẹ́rù bani: àyẹ̀wò ìkànnì Our World in Data

Bí ìròyìn bá sọ pé àrùn kan, ìwà ọ̀daràn kan tàbí jàǹbá kan ń gbilẹ̀, ìbéèrè méjì ló yẹ kó tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀: ó gbilẹ̀ ju ti ìgbà wo lọ, àti láàárín ènìyàn mélòó? Ìdáhùn kì í sábà sí nínú ìròyìn náà. Nínú gbogbo ibi tí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò ti lè wá a fúnra rẹ̀, Our World in Data ló rọrùn jù lójú tiwa. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti lè ṣini lọ́nà bí a kò bá mọ bọ́tìnì tí à ń tẹ̀.

Max Roser, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Jámánì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Oxford, ó sì jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2014. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sí ìpolówó ọjà níbẹ̀, wọn kì í sì í ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Iṣẹ́ wọn ni láti kó iye tí àwọn àjọ bíi WHO, UNICEF àti Báńkì Àgbáyé ti ṣírò jọ sójú kan, kí wọ́n sì yà á sí àtẹ tí ojú lè kà. Àwọn fúnra wọn kì í lọ ka òkú tàbí aláìsàn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀.

Ojú ewé tó yẹ kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ kọ́kọ́ kà ni èyí tí Hannah Ritchie, olùwádìí níbẹ̀, kọ lọ́dún 2019 lórí bóyá ohun tó ń pa wá ni ìròyìn ń sọ. Ìwádìí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe ló gbé e kà. Wọ́n to nǹkan mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ohun tó ń pa àwọn ará Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n ń wá lórí Google, ohun tí New York Times ń kọ, àti ohun tí Guardian ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ. Nínú àwọn okùnfà ikú tí wọ́n kà, àrùn ọkàn gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Nínú ìròyìn, 2% sí 3% péré ló gbà. Ìpànìyàn, pípa ara ẹni àti ìkọlù àwọn agbésùnmọ̀mí, tí gbogbo wọn lápapọ̀ kò tó 3% ikú, gba ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ nínú ìwé ìròyìn méjèèjì.

Kì í ṣe pé àwọn oníròyìn purọ́. Ìròyìn kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àpapọ̀ wọn ló ń yí bí ayé ṣe rí padà lọ́kàn ẹni tó ń kà á lójoojúmọ́. Lọ́dún 1973, Amos Tversky àti Daniel Kahneman, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣàlàyé ìdí rẹ̀: nígbà tí a bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe pọ̀ tó, àpẹẹrẹ tó bá tètè sọ síni lọ́kàn la fi ń wọ̀n ọ́n. Lọ́dún 1979, àwọn olùwádìí Barbara Combs àti Paul Slovic ka ìwé ìròyìn méjì lójú méjèèjì. Àìsàn ń pa ènìyàn tó bí ìlọ́po 100 àwọn tí wọ́n ń ṣekú pa, síbẹ̀ ìròyìn ìpànìyàn jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ìròyìn àìsàn. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀. Ohun tí ìkànnì yìí fi kún un ni pé ẹ lè wọn ìròyìn tòní fúnra yín láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ká ní ìròyìn kan sọ pé ìpànìyàn ti di àjàkálẹ̀. Ẹ tẹ «homicide» sínú àpótí ìwákiri tó wà lókè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń lò, àléébù ńlá gbáà ni. Ẹ mú àtẹ tó kọ «rate» sára, ìyẹn iye nínú ènìyàn 100,000, kí ẹ fi èyí tó kọ «number», ìyẹn àpapọ̀ iye, sílẹ̀ ná. Àtẹ náà ní máàpù, ó ní ìlà, ó ní tábìlì. Máàpù ló máa ń wu ojú, òun náà ló sì ń tanni jù, nítorí ọdún kan ṣoṣo ló ń fi hàn, orílẹ̀-èdè tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ sì máa ń gba ojú ẹni ju èyí tí ènìyàn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ lọ. Ẹ bọ́ sórí ìlà. Ẹ yan orílẹ̀-èdè tí ìròyìn náà ń sọ, ẹ fi «World» kún un, kí ẹ sì mú méjì míì tó jọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ọ̀pá àkókò ìsàlẹ̀ títí yóò fi kó gbogbo ọdún tó wà níbẹ̀.

Ọdún méjì kò tó láti fi dájọ́. Iye tó bá kéré máa ń fò sókè sódò láìsí ìdí kankan. Níbi tí wọ́n ti pa ènìyàn 4 lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n pa 8 lọ́dún yìí, àkọlé ìròyìn lè pariwo pé ó ti di ìlọ́po méjì, kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo ogún ọdún, ẹ lè rí i pé láàárín 3 sí 9 ló ti ń ṣe bọ̀ látọjọ́ pípẹ́.

Ẹ tún wá wo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 2021, nǹkan bí ènìyàn 458,000 ni wọ́n ṣekú pa lágbàáyé. Lọ́dún kan náà, nǹkan bí 727,000 ló pa ara wọn, jàǹbá ojú pópó sì pa nǹkan bí mílíọ̀nù 1.19. Èyí tó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa ń gbọ́ jù. (Ti pípa ara ẹni, ìdí pàtàkì wà tí oníròyìn fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: bí ìròyìn bá ṣàpèjúwe ọ̀nà tí ẹnì kan gbà pa ara rẹ̀, ó lè ti ẹlòmíì tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ sínú irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra yàtọ̀ sí ìdákẹ́.)

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà la dé yìí. Ẹ mú àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá ṣí àtẹ «number», ìlà náà ń gòkè: nǹkan bí mílíọ̀nù 12 lọ́dún 1990, ó sì lé ní mílíọ̀nù 18 lọ́dún 2019. Bí ẹ bá wá ṣí èyí tó kọ «age-standardized», ìyẹn «rate» tí wọ́n ti tún ṣe kí ìyípadà nínú iye àgbàlagbà àti ọmọdé má bàa da àfiwé rú, ìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín ọdún kan náà. Àrùn kan náà, ilé iṣẹ́ ìṣirò kan náà. Kò sí irọ́ nínú èyíkéyìí. Ènìyàn ti pọ̀ láyé ju ti 1990 lọ, ẹ̀mí wọn sì ti ń gùn sí i, àgbàlagbà ni àrùn ọkàn sì ń mú jù. Nítorí náà iye òkú ń pọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewu tó wà lórí ẹni ọgọ́ta ọdún lónìí kéré sí èyí tó wà lórí ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà náà.

Ẹni tó fẹ́ mọ iye bẹ́ẹ̀dì tí ilé ìwòsàn máa nílò, «number» ni tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ bí ẹrù àrùn náà ṣe wúwo tó lọ́rùn ará ìlú lápapọ̀, kí ó lo «rate» lásán. Ẹni tó ń béèrè bóyá ìtọ́jú àti ìgbé ayé ti dára sí i, «age-standardized» ló yẹ ẹ́. Ẹni tó fẹ́ dẹ́rù bani yóò mú ti àkọ́kọ́. Ẹni tó fẹ́ yin ìjọba yóò mú ti ìkẹyìn. Bí àtẹ kan bá dé ọwọ́ yín tí kò sọ èwo ló lò, ẹ má tíì gbà á gbọ́. Ẹ sì wo òpó òsì dáadáa: bí bọ́tìnì «Log» bá wà ní títẹ̀, àlàfo láti 10 sí 100 dọ́gba pẹ̀lú àlàfo láti 100 sí 1,000, ìlà tó ń ru sókè fùú yóò wá dà bíi pé ó ń rọra gùn òkè.

Ibi tí ìkànnì yìí ti tayọ pátápátá ni àwọn ohun tó ń yí padà díẹ̀díẹ̀, tí kò ní ọjọ́ kan pàtó tí ìròyìn lè gbé e. Lọ́dún 1990, nínú ọmọ 1,000 tí wọ́n bí láyé, nǹkan bí 93 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Lọ́dún 2022, ó ti wálẹ̀ sí 37. Ẹ pín in sórí ọdún 32: kò pé ọmọ méjì nínú 1,000 lọ́dún kan. Kò sí ìwé ìròyìn tó lè fi ìyẹn ṣe àkọlé ojú ewé àkọ́kọ́. Àmọ́ ìdajì ìtàn náà nìyẹn, nítorí ọmọ tó kú lọ́dún 2022 ṣì jẹ́ mílíọ̀nù 4.9, ó lé ní 13,000 lójúmọ́, ìyẹn náà kò sì sí nínú ìròyìn. Àtẹ kan ṣoṣo ló fi méjèèjì hàn. Fún èyí nìkan, ó yẹ kí gbogbo yàrá ìròyìn ní i lójú kọ̀ǹpútà.

Lórí ìwà ọ̀daràn yòókù, ìkànnì náà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ẹ má sì fipá mú un. Ìpànìyàn ṣeé fi wéra láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn nítorí òkú ṣòro láti fi pamọ́. Olè jíjà, ìfipábánilòpọ̀ àti ìlùkulù sinmi lórí ẹni tó lọ fẹjọ́ sùn. Níbi tí àwọn ènìyàn bá ti fọkàn tán ọlọ́pàá, iye tó wà nínú ìwé máa ń ga. Níbi tí ìtìjú tàbí ìbẹ̀rù bá ti pa wọ́n lẹ́nu mọ́, a dà bíi pé àlàáfíà wà. Àfiwé tó dára jù níhìn-ín ni láti fi èrò ará ìlú wé àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè kan náà. Ní Amẹ́ríkà, àkọsílẹ̀ FBI, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ wọn, fi hàn pé ìwà ipá dín kù ní nǹkan bí ìdajì láàárín 1993 sí 2022. Síbẹ̀, nínú 23 lára ìwádìí èrò 27 tí Gallup, iléeṣẹ́ tó ń wádìí èrò ará ìlú, ṣe láti 1993, ó kéré tán 60% àgbàlagbà sọ pé ìwà ọ̀daràn pọ̀ ju ti ọdún tó ṣáájú lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ pé wọn kì í fúnra wọn ka nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kò ní ìwé tí wọ́n ń kọ ikú sí dé ilẹ̀. Níbẹ̀, àwọn onímọ̀ á fi ìṣirò díwọ̀n rẹ̀, ìdíwọ̀n ọ̀hún á sì bọ́ sórí àtẹ pẹ̀lú ìlà tó nípọn bíi ti ibi tí wọ́n ti ka òkú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmì kan wà tí ẹ lè fi dá a mọ̀: ìlà tó bá ń lọ geerege fún ọgbọ̀n ọdún, tí kò fò sókè sódò rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ ìdíwọ̀n. Iye tòótọ́ máa ń rí págunpàgun. Ẹ yí ojú ewé náà sísàlẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ṣàlàyé orísun dátà, kí ẹ tó fi orílẹ̀-èdè méjì wé ara wọn. Àléébù míì ni pé iye ikú sábà máa ń fi ọdún bíi méjì tàbí mẹ́ta rẹ̀yìn, nítorí náà kò wúlò fún ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá. Lórí fóònù, tábìlì tó gbòòrò kì í hàn tán. Ó sàn kí ẹ tẹ «Download», kí ẹ mú fáìlì CSV, ìyẹn tábìlì iye lásán, kí ẹ ṣí i nínú Excel.

Ohun kan tí kò lè ṣe rárá ni láti sọ ewu ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1995. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ààbò oògùn kìlọ̀ pé oríṣi oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tuntun kan sọ ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan di ìlọ́po méjì. Àkọlé gbé «ìlọ́po méjì», ẹ̀rù sì ba àwọn obìnrin, ọ̀pọ̀ jáwọ́ nínú oògùn wọn. Iye tó wà nídìí rẹ̀ ni pé láti obìnrin 1 nínú 7,000, ó di 2 nínú 7,000. Wọ́n fojú bù ú pé oyún tí wọ́n ṣẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e fi nǹkan bí 13,000 lé sí i ní England àti Wales, bẹ́ẹ̀ oyún fúnra rẹ̀ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì ju oògùn náà lọ. Kò sí àtẹ àgbáyé tó lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ irú àkọlé bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bá rí «ìlọ́po» tàbí «ó fi 30% pọ̀ sí i», ẹ wá iye ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú ìwádìí gan-an, ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ náà, kí ẹ kọ ọ́ báyìí: mélòó nínú 10,000 tẹ́lẹ̀, mélòó nínú 10,000 nísinsìnyí.

Bí ẹ bá sì fẹ́ fi àtẹ kan ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, ẹ má fi àwòrán ojú fóònù ránṣẹ́. Ẹ tẹ «Share», ẹ fi líǹkì rẹ̀ ṣọwọ́. Líǹkì náà á gbé orílẹ̀-èdè àti ọdún tí ẹ yàn dání, ẹni tó bá gbà á á lè fa ọ̀pá àkókò fúnra rẹ̀, á sì rí orísun dátà. Àwòrán tí wọ́n gé etí rẹ̀ kò ní ọdún, kò ní òpó òsì, kò sì sí ohun tó lè sọ fún un bóyá «number» ni tàbí «rate».