Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra àkọsílẹ̀ iye owó ṣíà: ẹ wá fáìlì MASTER kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń ra ṣíà, tí ẹ sì ń fi ṣáàtì orí kọ̀ǹpútà wo bí iye owó wọn ṣe ń lọ sókè sódò, oníṣòwò kan wà tí ó ń polówó ọjà rẹ̀ lórí WhatsApp àti Telegram tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ọgbọ́n tí ó ń dá ni ó yẹ kí ẹ mọ̀, àwọn mìíràn sì ti ń kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó ń tà ni fílááṣì tí ó kó àkọsílẹ̀ iye owó ojoojúmọ́ ti àwọn ilé-iṣẹ́ orí NGX (ọjà ṣíà ilẹ̀ Nàìjíríà) àti ti Amẹ́ríkà sí, pẹ̀lú sọ́fítíwíà tí ó ń ya ṣáàtì wọn. Ó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé fọ́máàtì MetaStock, ìyẹn ọ̀nà ìtọ́jú àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ṣáàtì lè kà, ni gbogbo rẹ̀, pé sọ́fítíwíà yòówù tí wọ́n bá ní nílé yóò ṣí i. Irọ́ ni. Sọ́fítíwíà tirẹ̀ nìkan ni ó ń ṣí i, nígbà tí owó ọdọọdún tí ó ń gbà lórí sọ́fítíwíà náà bá sì parí, àkọsílẹ̀ tí ẹ ti sanwó rẹ̀ tán yóò tì pa mọ́ yín lójú.

Kí ẹ lè rí ibi tí ẹ̀tàn náà wà, ó yẹ kí ẹ mọ bí fọ́máàtì MetaStock gan-an ṣe rí. Ó ti wà láti àárín àwọn ọdún 1980. Inú sọ́fítíwíà CompuTrac ni ó ti wá, kí MetaStock tí ilé-iṣẹ́ Equis International ṣe ní ìlú Salt Lake City tó sọ ọ́ di ohun tí àwọn onísọ́fítíwíà mìíràn ń kà. Nínú fódà kan, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀, F1.DAT, F2.DAT, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó gba ọjọ́, iye tí wọ́n fi ṣí ọjà, iye tí ó ga jù lọ, èyí tí ó kéré jù lọ, iye tí wọ́n fi kádìí ọjà nílẹ̀, àti iye ṣíà tí wọ́n tà. Ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan nínú F1.DAT. Fáìlì mìíràn tí ó ń jẹ́ MASTER, àti èkejì rẹ̀ EMASTER, ni ó ń sọ ilé-iṣẹ́ tí ó ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Fódà tí kò bá ní MASTER dà bí ìwé báńkì tí wọ́n ti ya ojú ewé tí orúkọ oníwèé wà dànù: owó wà níbẹ̀, ta ni ó ni ín?

Ohun tí oníṣòwò yìí ṣe nìyẹn. Ó fi orúkọ F1.DAT sílẹ̀ kí ojú oníbàárà lè balẹ̀, ó wá kó àkójọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sínú fáìlì kan tí sọ́fítíwíà rẹ̀ nìkan lè kà. Bí ẹ bá fi MetaStock tàbí AmiBroker, sọ́fítíwíà ṣáàtì mìíràn, tọ́ka sí fódà náà, wọn kò ní rí ohunkóhun. Bí oníbàárà bá ráhùn, èsì rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà onítọ̀hún ni ó ti gbó.

Ẹ má ṣe fi Notepad tàbí Excel dán fáìlì náà wò kí ẹ sì gbà pé ẹ ti rí ẹ̀rí, nítorí pé ojúlówó fáìlì MetaStock pàápàá yóò hàn bí ìdọ̀tí níbẹ̀. Ìlànà àtijọ́ ti Microsoft ni wọ́n fi kọ àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀, kì í ṣe ìlànà IEEE tí ó jáde ní ọdún 1985 tí àwọn kọ̀ǹpútà òde òní ń lò. Ẹ̀yìn òtítọ́ yìí gan-an ni àwọn oníjìbìtì máa ń sá sí.

Ẹ wo bí fáìlì náà ṣe tóbi tó. Fáìlì tí ó ní òpó méje (mẹ́fà tí mo kà lókè àti ọ̀kan mìíràn) máa ń gba báìtì 28 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ìlà àkọ́kọ́ sì jẹ́ ti àkọlé. Nígbà tí ọjà máa ń ṣí ní nǹkan bí ọjọ́ 250 lọ́dún, ọdún mẹ́wàá ilé-iṣẹ́ kan yẹ kí ó gba nǹkan bí báìtì 70,000. Bí ó bá ní ọdún mẹ́wàá ni òun tà fún yín, tí fáìlì sì jẹ́ báìtì 14,000, ọjọ́ 499 ni ẹ rà, kò ju ọdún méjì lọ. (Ṣíà tí kì í sábà rí ẹni rà á lè ní ọjọ́ díẹ̀ lóòótọ́, nítorí náà, ti báńkì ńlá ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.) Bí ó bá sì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni ó wà nínú fódà kan ṣoṣo, ẹ bi í léèrè XMASTER àti àwọn fáìlì tí orúkọ wọn parí sí .MWD, nítorí MASTER kò lè gbà ju ilé-iṣẹ́ 255 lọ, àwọn wọ̀nyí ni ó ń gba ìyókù.

N kò fẹ́ kí ẹ fi ẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀. Iye ṣíà tí wọ́n tà lóòjọ́, bí ó bá ti kọjá 16,777,216, lè fi ẹyọ díẹ̀ yàtọ̀ sí ti NGX, nítorí báìtì mẹ́rin tí wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kò lè gbé gbogbo rẹ̀ pé pérépéré. Ìyẹn kì í ṣe olè. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ìyípadà fọ́máàtì ni ẹ̀tàn: ní ọdún 2014, MetaTrader 4, sọ́fítíwíà ìṣòwò mìíràn, yí fáìlì .hst tí ó fi ń tọ́jú iye owó padà, báìtì 44 fún ìlà kọ̀ọ̀kan di 60, àwọn irinṣẹ́ àtijọ́ kò sì lè kà á mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ owó rẹ̀.

Ẹ tún yẹ ohun tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ náà wò. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, Apple pín ṣíà kan sí mẹ́rin, iye owó rẹ̀ sì bọ́ láti nǹkan bí 500 dọ́là sí nǹkan bí 125. Bí ẹ bá rí ọ̀gbun ńlá níbẹ̀ lórí ṣáàtì, tí olùtà kò sì lè sọ fún yín bóyá wọ́n ti tún iye owó àtẹ̀yìnwá ṣe, ẹ fura. Nílé níbí, ẹ wo GTCO: kí ó tó di ọdún 2021, GUARANTY ni àmì rẹ̀ lórí ọjà. Àkọsílẹ̀ tí a fi ọ̀wọ̀ tọ́jú yóò so méjèèjì pọ̀. Ti oníṣòwò yìí pín wọn sí ilé-iṣẹ́ méjì, ọ̀kan kú, ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ó kó ilé-iṣẹ́ kan jáde sí CSV, fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí Excel lè ṣí, níṣojú yín, kí ẹ ṣí i nínú Excel, kí ẹ sì fi ọjọ́ mélòó kan wé iye tí NGX gbé jáde. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Olùtà tí ó bá sọ pé sọ́fítíwíà òun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ti dá yín lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á, tí owó ọdún yín kò tíì parí, ẹ yára kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí sọ́fítíwíà náà ṣe tò wọ́n, pẹ̀lú iye ìkádìí ọjọ́ mélòó kan, nítorí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí lè fi ìyẹn mọ ẹni tí ó ni F1 àti F2, kí ó sì tún MASTER kọ. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, ìpolówó rẹ̀, àti ibi tí ó ti kọ ọ́ pé fọ́máàtì MetaStock ni, kí ẹ sì gbé ẹjọ́ náà lọ sí ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tí ó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà. Ẹ má ṣe pa ìjíròrò WhatsApp yín rẹ́, bí ó tilẹ̀ bẹ̀ yín pé òun fẹ́ dá owó padà.