TYGS: ibi tí a ti ń dá ẹ̀yà bakitéríà gbòǹgbò sóyà mọ̀ láti inú DNA rẹ̀

Jiini 16S, èyí tí a sábà máa ń fi dá bakitéríà mọ̀, nìkan kò tó láti fi dá ẹ̀yà Bradyrhizobium, bakitéríà gbòǹgbò sóyà, mọ̀. Kò ju nǹkan bí 1,500 lẹ́tà lọ, ẹ̀yà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì lè jọra níbẹ̀ bí ìbejì. Ìdí nìyí tí ìkànnì TYGS fi wúlò gan-an. Ọ̀fẹ́ ni, DSMZ, ilé ìtọ́jú bakitéríà ní Jámánì, ló ni ín, odindi jínóòmù (gbogbo DNA bakitéríà) ló sì ń fi wéra.

Fáìlì FASTA (fáìlì tí a kọ lẹ́tà DNA sí) ni ẹ ó gbé sí i, ẹ ó fi ímeèlì sílẹ̀, ẹ ó wá dúró. Bí èsì bá dé, iye d4, ọ̀kan nínú iye mẹ́ta (d0, d4, d6) tó ń sọ bí jínóòmù méjì ṣe jọra tó, ni kí ẹ wò. Gígùn jínóòmù wà nínú ìṣirò d0 àti d6, nítorí náà wọ́n máa ń ṣini lọ́nà bí jínóòmù yín kò bá pé. Tí d4 bá tó 70%, ẹ̀yà kan náà ni. Tó bá rọ̀ mọ́ 70 pẹ́kípẹ́kí, ẹ fi ANI (ìpíndọ́gba ìjọra lẹ́tà DNA jínóòmù méjì) yẹ̀ ẹ́ wò; 95 sí 96% ni ààlà tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi CheckM, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yẹ jínóòmù wò, wo fáìlì náà o! DNA bakitéríà mìíràn tó bá yọ́ wọ inú rẹ̀ yóò da gbogbo ìṣirò rú.

Irú ìfiwéra yìí ló jẹ́ kí USDA 110, bakitéríà sóyà kan tí wọ́n ti ń pè ní Bradyrhizobium japonicum tipẹ́, di B. diazoefficiens ní 2013.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé TYGS kò ní sọ irúgbìn tí bakitéríà yín lè bá ṣiṣẹ́. Jiini nodC, tó wà lára àwọn tó ń pinnu irúgbìn náà, máa ń ṣí láti ara bakitéríà kan bọ́ sí òmíràn, òun ni kí ẹ yẹ̀ wò lọ́tọ̀.