Òróró ẹja tí mo rà ní Bódìjà

Gbígùnfẹ̀ ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. Ọjọ́ kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo òróró ẹja yìí, tí mo bá ti gùnfẹ̀ báyìí, òórùn ọ̀dà ni. Mo fi abẹ́ la kápúsù kan, mo kán an sẹ́yìn ọwọ́: òórùn ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn gan-an ni. Inú bí mi. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi rà á.

Mo gbé e padà lọ sílé ìtajà oògùn tí mo ti rà á. Ọmọkùnrin tó wà ní káńtà kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù. "Màmá, ẹja mà ni. A kì í gba ọjà tí wọ́n ti ṣí." Mo ní kó gbóòórùn rẹ̀, ó kọ̀. Mo dúró síbẹ̀ fún 40 ìṣẹ́jú. Mi ò ní kúrò.

Apòògùn wọn ló gbà mí, ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ híjáàbù. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbóòórùn kápúsù náà, ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ má bínú mà, ó ti bàjẹ́." Ó mú mi lọ síbi fèrèsé tí wọ́n to ìgò yòókù sí. Oòrùn ń pa wọ́n. Ó ní ooru àti atẹ́gùn máa ń ba ọ̀rá ẹja jẹ́ kíákíá ju epo pupa lọ.

Ó wá fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Nínú ẹja, okùn ọ̀rá mẹ́ta ló ń so mọ́ glycerol kan, èròjà tó dì wọ́n pọ̀. Kí EPA àti DHA, ìyẹn àwọn ọ̀rá omega-3 tí a torí wọn ń lo òróró ẹja, lè pọ̀ nínú òróró náà, iléeṣẹ́ á tú wọn kúrò lára glycerol, wọ́n á so wọ́n mọ́ ethanol (irú ọtí kan), wọ́n á sì sẹ́ ẹ. Àwọn kan á dúró síbẹ̀ torí owó. Àwọn mìíràn á fi enzyme, èròjà tó ń mú iṣẹ́ yá, so wọ́n padà mọ́ glycerol. Ó da tèmi, irú tó ṣì wà lára ethanol, sínú ife fóòmù kan: kò pẹ́ tí ìdí ife fi ń jò. Ó da irú kejì, tí wọ́n ti so padà mọ́ glycerol, sínú òmíràn, ife ò mira. Ó ní ìyẹn ò ní kó jẹ mí níkùn o, àmọ́ irú tèmi kì í wọra dáadáa láìsí oúnjẹ ọlọ́ràá. Tíì lásán ni mo fi ń gbé e mì láàárọ̀!

Èyí tó dùn mí jù rèé. Triglyceride mi, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 412, dókítà sì ní kí n máa lo gíráàmù méjì (mìlígíráàmù 2000) EPA àti DHA lóòjọ́. Mìlígíráàmù 1000 òróró tí wọ́n kọ síwájú ìgò ni mo wò, mo ń lo kápúsù méjì. Ó yí ẹ̀yìn ìgò sí mi: EPA 180 àti DHA 120 péré nínú kápúsù kan. Méje ni ǹ bá máa lò! Ẹni tó tà á fún mi ò sọ nǹkan kan.

Ó gbé ìgò mìíràn fún mi láti inú yàrá tútù, mìlígíráàmù 500 EPA àti DHA nínú kápúsù kan, mẹ́rin lóòjọ́ pẹ̀lú oúnjẹ. Ó ní tí ọkàn mi bá ń lù ségesège, kí n tètè sọ fún dókítà. Ọlọ́run á bá mi tọ́jú ọmọ yẹn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, 412 ti di 318. Mo dín búrẹ́dì àti míníráà kù pẹ̀lú. Òórùn ọ̀dà ò sí mọ́.

Ọ̀gá wọn ò dá owó ìgò kìíní padà títí dòní. Mo lọ ra òmíràn lánàá, àwọn ìgò ọjọ́sí ṣì wà lójú fèrèsé. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún.